Ẹgba Mẹ́wàá fún Damaris

Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù kẹwàá, 1662. Stowmarsh.

Wọ́n ti fi mí jẹ kọ́ńsítébù. Èmi Jabesi Lunt, tí mò ń kan àgbá jẹun, tí n kò lè jágbe mọ́ ajá. Tarbell tó wà nípò náà tẹ́lẹ̀ já bọ́ láti orí òrùlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọrùn rẹ̀ kán. Gbogbo ọkùnrin ìlú jókòó sílé ìpàdé, wọ́n ń wo ara wọn. Nígbà tó yá, èmi ni gbogbo wọn ń wò. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ á sanwó ìtanràn. Mi ò ní in.

Adájọ́ Ludkin ló na ọ̀pá dúdú kọ́ńsítébù sí mi. Igi Gbígbẹ ni mò ń pè é nínú ìwé yìí — kì í rẹ́rìn-ín, kì í sunkún. Ó ní, "Jabesi, ọwọ́ rẹ kì í ṣe tìrẹ mọ́. Ti òfin ni."

Inú Ìyá dùn. "Bàbá rẹ ì bá rí i." Bàbá tó kú sínú ọkọ̀ nígbà tí à ń bọ̀ láti England, tí wọ́n fi aṣọ ìgbòkùn wé, tí wọ́n tì sínú òkun. Torí ká lè sin Ọlọ́run bó ṣe wà nínú Ìwé, láìsí bíṣọ́ọ̀bù, láìsí ère, la ṣe kúrò nílé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Damaris, ló gbé mi mọ́ àyà títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀.

Kò yẹ kí n kọ orúkọ yẹn. Ọdún márùn-ún nìyí tó ti fi wá sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù kẹwàá

Iṣẹ́ àkọ́kọ́. Mo ti ẹsẹ̀ Bàbá Gosnold bọ àbà, igi oníhò tí a fi ń há ẹlẹ́ṣẹ̀ mọ́ ìta gbangba, torí ó mutí yó lọ́jọ́ àwẹ̀. Wákàtí mẹ́ta. Àwọn ọmọdé ń sọ elégédé jíjẹrà lù ú. Ẹnì kan fi òkúta sínú elégédé tirẹ̀, eyín Gosnold kan jáde. Èmi ló wò, kò wo ẹni tó sọ ọ́.

"Jabesi, àgbá tí ọtí sídà yẹn ti wá, ṣé ìwọ kọ́ lo kàn án? Wá ti ẹsẹ̀ tìẹ náà bọ̀ ọ́."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sí irùngbọ̀n rẹ̀.

Ọjọ́ Olúwa, 9 oṣù kọkànlá

Pásítọ̀ Fenn wàásù fún wákàtí mẹ́ta. Ìkookò tó wọ awọ àgùntàn. Àwọn Kuékà ló ń bá wí, àwọn tí àwa ń pè ní Agbọ̀nrìrì. Wọ́n ní Ẹ̀mí ń bá oníkálukú sọ̀rọ̀ nínú ọkàn rẹ̀, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, kò sídìí fún pásítọ̀. Boston, níbi tí gómìnà wa wà, ti ṣòfin: kí a so wọ́n mọ́ ìdí kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, kí a máa nà wọ́n láti ìlú dé ìlú títí wọn yóò fi jáde nílẹ̀ wa.

Mo ṣe àmín. Òótọ́ ni mo ṣe é.

Ọlọ́run ti yan àwọn tirẹ̀ kí ayé tó dáyé, kò sẹ́ni tó lè yí i padà. Ṣé mo wà lára wọn? Mò ń wá àmì kiri inú ọkàn mi bí ẹni ń wá ibi tí àgbá ti ń jò. Títí di òní, mi ò rí nǹkan kan. Ọkàn gbígbẹ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kọkànlá

Igi Gbígbẹ gbé ìwé àṣẹ wá fúnra rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù títí mo fi kà á tán.

Kí kọ́ńsítébù Stowmarsh gba Damaris Lunt, Agbọ̀nrìrì alárìnkiri, lọ́wọ́ kọ́ńsítébù Addling. Kó bọ́ ọ láṣọ dé ìbàdí. Kó so ó mọ́ ìdí kẹ̀kẹ́. Kó nà án ní ẹgba mẹ́wàá. Kó fà á lé kọ́ńsítébù Brackwater lọ́wọ́, kí ìyẹn náà na tirẹ̀, kó sì tì í kọjá odò.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Orúkọ náà kò yí padà.

"Mo mọ ohun tó jẹ́ sí ọ," ó ní. "Ìdí nìyẹn tí mo fi wá fúnra mi."

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ò lè rán ẹlòmíì?"

"Ta ni? Gbogbo ọkùnrin Stowmarsh ló ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò."

Ọjọ́rú, 19 oṣù kọkànlá

Mo sọ fún Ìyá. Ó ń yọ àgbàdo lára ṣúkù. Kò dáwọ́ dúró.

"Orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Òun ni, Ìyá."

"Nà án dáadáa."

Ó ní kí n gbọ́: ara ló ń jìyà fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ọkàn má baà jó títí láé. Bí mo bá na ọmọ ọlọ́mọ dáadáa, tí mo wá na ọmọ ìyá mi fẹ́ẹ́rẹ́, olè ni mí níwájú Ọlọ́run. "Má sì gbé pàṣán fún ẹlòmíì o. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ Olúwa fún ẹlòmíì, ó ti gbé ìgbàlà rẹ̀ fún un nìyẹn."

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Ìyá. Mi ò rí omijé lójú rẹ̀ rí, àfi ọjọ́ òkun yẹn. Àmọ́ àgbàdo tó ń yọ, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí, kì í ṣe agbọ̀n. Kò mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù kọkànlá

Ọkùnrin oníyọ̀ kan tó ti Addling dé sọ pé wọ́n ti na ẹ̀gbọ́n mi ní ẹgba tibẹ̀. Ẹni tó nà án fi ọwọ́ méjèèjì di pàṣán mú, torí Damaris ń gbàdúrà fún un bó ṣe ń nà án, ìyẹn ló bí ọkùnrin náà nínú.

Mo di kókó sí orí okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lára pàṣán mi. Bí òfin ṣe wí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kọkànlá

Ó dé. Ẹsẹ̀ lásán nínú òjò dídì. Aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ ọn bí yìnyín. Irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì péré. Mi ò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Òun dá mi mọ̀.

Igi Gbígbẹ bi í níwájú gbogbo èèyàn: "Damaris Lunt, ṣé o ronú pìwà dà?"

"Ìwọ ńkọ́, Ludkin? Ṣé ìwọ náà ti ronú?"

Ìwọ! Sí adájọ́! Bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Agbọ̀nrìrì ṣe ń ṣe. Wọ́n ní nígbà tí a ń pe Ọlọ́run pàápàá ní Ìwọ nínú àdúrà, ta ni èèyàn tí a ó máa pè ní Ẹ̀yin? Igi Gbígbẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a lẹ́nu. Òrùka rẹ̀ ya ètè Damaris. Kò nu ẹ̀jẹ̀ náà.

Ọ̀la ni ọjọ́ Olúwa, a kì í na èèyàn lọ́jọ́ Olúwa. A ò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ní kí n tì í mọ́ ṣọ́ọ̀bù mi, láàárín àwọn àgbá. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà ilé wa kò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ.

Ìyá kò jáde.

Ọjọ́ Olúwa, 23 oṣù kọkànlá

Láàárín ìwàásù àárọ̀ àti ti ọ̀sán, mo gbé búrẹ́dì àgbàdo àti ẹ̀wà lọ fún un. Ó dojú bolẹ̀ lórí èérún igi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹun."

"Jábì." Kò sẹ́ni tó tún ń pè mí bẹ́ẹ̀. "O ti ga o. Irùngbọ̀n yìí kò yẹ ọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní lọ́la kó má gbàdúrà fún mi, kó pariwo. Tó bá pariwo dáadáa, Igi Gbígbẹ lè jẹ́ kí n rọra.

"Igi Gbígbẹ lò ń pè é?" Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn fi dùn ún, tó wá di ìkérora.

Mo ní, "Ẹ sáà sọ pé ẹ ti ronú pìwà dà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ́ ni Bàbá torí ẹ̀ kú sójú omi." Ó yí ojú sí ẹnu ọ̀nà. "Ìyá ńkọ́?"

"Ó wà nílé."

"Ó mọ̀ pé mo wà níbí?"

"Ó mọ̀."

Ó jẹ ìwọ̀nba, ó mu omi.

Nígbà tí mo délé, Ìyá kò gbójú kúrò lára Bíbélì. "Ṣé ó jẹun?" Mo ní díẹ̀. Ó ní, "Kì í jẹun púpọ̀ nígbà òtútù." Ó yí ojú ewé.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù kọkànlá

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Bí mi ò bá kọ ọ́ lónìí, lọ́la màá parọ́ nípa rẹ̀.

Aago mẹ́wàá. Gbogbo ìlú. Òtútù débi pé màlúù ń mí èéfín. Mo so ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ìdí kẹ̀kẹ́. Èmi ni mo ya aṣọ náà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Awọ bá a wá. Egbò Addling ò tíì jiná rárá, ó là gbàgà bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ní ebè.

Ìyá wà níwájú pátápátá, ó dúró ṣánṣán. Pásítọ̀ ní kó jókòó. Ó kọ̀.

Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún. Mo ń rọra. Okùn ń kàn án, kì í wọlé.

Igi Gbígbẹ wà lórí ẹṣin. "Kọ́ńsítébù, ṣé eṣinṣin lò ń lé ni? A ò ka ìyẹn. Padà sórí ení."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo padà sórí ení.

Mo nà án. Ẹran là. Ẹ̀jẹ̀ ta sí mi lẹ́nu, mo tọ́ ọ wò. Èjì. Ẹ̀ta. Damaris ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo gbọ́ orúkọ mi nínú rẹ̀ — ó ń gbàdúrà fún mi, mo ní kó má ṣe é, ó ń ṣe é! Inú bí mi. Mo nà án kó lè dákẹ́. Ẹ̀rin, àrún. Nígbà tó fi máa di ẹ̀fà, ẹ̀rù ti kúrò lára mi. Ohun gbígbóná kan gòkè láti ikùn wá sí apá mi. Ọdún mélòó ni mo ti ń wá iná nínú ọkàn mi? Mo rò pé òun ló dé yìí. Mo rò pé oore-ọ̀fẹ́ ni. Ó dùn mọ́ mi. Ọlọ́run, ó dùn mọ́ mi.

Lórí èje ni Damaris figbe ta: "Ìyá!"

Mi ò wẹ̀yìn. Ẹ̀jọ. Ẹ̀sán. Ẹ̀wá. Mo tún gbé ọwọ́ sókè, Pásítọ̀ Fenn di apá mi mú. "Jabesi. Jabesi! Ó ti pé."

Mo wò yí ká. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹnu Ìyá ń mì, bí ẹni ń ka Sáàmù. Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ.

Ọjọ́rú, 26 oṣù kọkànlá

Àná. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Brackwater.

Máìlì méjìlá. Òfin ní kó máa rìn tẹ̀lé kẹ̀kẹ́. Nígbà tí a kúrò lójú ìlú, mo gbé e sórí koríko gbígbẹ inú kẹ̀kẹ́. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́." Ó ní, "Mo gbọ́ bí Fenn ṣe ní ó ti pé. Ìwọ ò mọ̀ pé ó ti pé, àbí?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Bá Ọlọ́run sọ ìyẹn. Má bá mi sọ ọ́. Ó rẹ̀ mí."

Garrow wá pàdé wa létí odò, máìlì kan sí ìlú rẹ̀. Silasi Garrow, kọ́ńsítébù Brackwater, ọrùn bíi ti akọ màlúù. Òun nìkan, pẹ̀lú pàṣán.

"Hẹn-ẹ́n! Agbọ̀nrìrì ló ń gun kẹ̀kẹ́ bí ìyàwó gómìnà yìí?"

Ó fi irun wọ́ ọ sílẹ̀. Kò so ó mọ́ ohunkóhun. Ó ń nà án nílẹ̀ níbẹ̀, lójú, ní ọmú, lọ́rùn, níbi tó bá ti bà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ń kà. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń kà. Nígbà tó di mẹ́rìnlá:

"Garrow, mẹ́wàá lòfin wí."

"Ta ló ń kà á?"

"Èmi ni mò ń kà á."

Ó wò mí tẹ̀gàntẹ̀gàn. "Wọ́n ní ìwọ náà gbádùn tìrẹ lánàá," ó ní, ó sì tún gbé pàṣán sókè.

Mo fi ọ̀pá dúdú fọ́ ọ lẹ́nu. Mo gbọ́ bí egungun párì rẹ̀ ṣe ṣẹ́. Ó ṣubú. Mo tún fọ́ ọ. Apá, ìhà, ẹnu lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀pá kán sí méjì, mo ń fi kùkùté rẹ̀ lù ú. Iná ọjọ́ Ajé ló tún dé. Ọ̀kan náà ni. Kò yàtọ̀ rárá: ìyẹn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kí n má baà máa pe ara mi ní olùgbèjà.

Damaris ló dá mi dúró. Ó wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti dí. "Jábì, ó ti pé."

Mo gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi Garrow, mo wà á kọjá. Lódìkejì, níbi tí òfin Boston ò dé, a rí ilé kan tó ń rú èéfín. Obìnrin kan ṣílẹ̀kùn, ó wo Damaris, ó wò mí, ó fà á wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ mi lójú. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Kí ilẹ̀kùn tó dé, Damaris ní, "Má padà." Mo ní, "Ìyá nìkan ló wà nílé."

Mo wa ọkọ̀ padà, mo gbé Garrow sínú kẹ̀kẹ́, mo gbé e délé ìyàwó rẹ̀. Ó ṣì ń mí. Mo wá lọ kó ìdajì ọ̀pá méjèèjì lé Igi Gbígbẹ lórí tábìlì.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù kọkànlá

Ẹjọ́. Mi ò ṣẹ́ nǹkan kan. Igi Gbígbẹ ní ọwọ́ tí mo gbé sókè sí òfin, Ọlọ́run ni mo gbé e sí.

Ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu mi: "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti fọwọ́ ara rẹ na ẹnikẹ́ni rí, àbí ẹnu lásán lo fi ń nà wá?"

Ìwọ ni mo pè é. Mi ò kúkú di Agbọ̀nrìrì. Mo ṣáà gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi.

Ọgbọ̀n ẹgba. Garrow fi ìwé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun fọwọ́ ara òun nà mí. Wọ́n gbà fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù kejìlá

Ikùn ni mo fi sùn kọ èyí. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n nà mí. Garrow fi aṣọ so ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ orí, kò lè fọhùn, Pásítọ̀ ló ń bá a kà. Mo ti ní màá dákẹ́. Mi ò dákẹ́. Lórí ìkọkànlá mo tọ̀ sára. Ẹnì kan nínú èrò ní, "Ó tó!" Mo rò pé ohùn Bàbá Gosnold ni. Wọn ò gbọ́ tirẹ̀.

Ọjọ́ Olúwa, 7 oṣù kejìlá

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ Ìyá gbé omi gbígbóná wá. Láti ọjọ́bọ̀ ló ti ń wẹ ẹ̀yìn mi, kò sọ̀rọ̀. Lónìí ó sọ ọ́.

"Mo ka tìẹ. Ọgbọ̀n géérégé."

"Ẹ ṣé, Ìyá."

"Mo ka ti ẹ̀gbọ́n rẹ náà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni." Ó fún aṣọ náà. "Ìwé ní mẹ́wàá. Mo dúró síbẹ̀, mo ń retí pé kí Ludkin sọ pé òun ṣìṣe. Mo retí kí pásítọ̀ sọ ọ́. Mo gbàdúrà pé kí ẹnì kan ṣáà sọ ọ́. Nígbà tó figbe pè mí, mo ṣì ń kà."

Ìyá tún ki aṣọ náà bọ omi.

"Brackwater ńkọ́?"

"Mẹ́rìnlá."

"Ó jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, yàtọ̀ sí ti Addling." Ó gbé aṣọ náà sílẹ̀. "Ta ló ń wẹ ẹ̀yìn tirẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá. Obìnrin kan. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀."

Ó dìde. Ó ya aṣọ ọ̀gbọ̀ tó ti tọ́jú fún òkú ara rẹ̀, ó ká a. Ó mú ìkòkò ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, ó mú búrẹ́dì. Ó wọ bàtà. Mo ní, "Ìyá, ọjọ́ Olúwa lòní." Kò dá mi lóhùn. Mo gbé ara mi dìde, mo tẹ̀lé e, aṣọ ń ha mí lẹ́yìn bí ẹ̀gún.

Agogo ilé ìpàdé ń dún. Gbogbo ìlú ń bọ̀, àwa méjì ń lọ. Wọ́n ń yà fún wa lọ́nà, ẹnikẹ́ni kò kí wa. Igi Gbígbẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìpàdé.

"Màmá Lunt! Ẹ ò ní rìnrìn àjò lọ́jọ́ Olúwa! Tí ẹ bá kọjá odò yẹn, ẹ ò ní padà jókòó láàárín wa mọ́ láéláé. Ẹ rò ó o!"

Ìyá ò dúró. Kò tiẹ̀ wò ó.

"Mò ń lọ wẹ ọmọ mi," ó ní.

A ti rin máìlì mẹ́rin, a jókòó sinmi létí ọ̀nà. Ó ti fún mi ní búrẹ́dì díẹ̀, ó sì ní kí n kánjú kọ ohun tí mò ń kọ, kí n dìde.